Àlàfo Tí Mo Dí Nínú Àwòrán Ilẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fún mi ní ìnagijẹ tí mò ń jẹ́: Arínú-ilẹ̀. Kò síbi tó dé tí kì í pè mí bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ níwájú ìyàwó rẹ̀, ìbáà jẹ́ níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń gbẹ́ kànga epo. Kódà nínú fóònù rẹ̀, tí mo bá pè é, Arínú-ilẹ̀ ló ń hàn. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé kò dùn mọ́ mi, mo máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀ o," ṣùgbọ́n inú mi a máa dùn dé ìdí. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mo fẹ́ràn ìyìn ju bó ṣe yẹ lọ.

Kò sí awo kankan nínú iṣẹ́ mi. Kí ilé iṣẹ́ wa tó gbẹ́ kànga epo tàbí ti gáàsì síbì kan, a kọ́kọ́ máa ń ya àwòrán ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá á ri àwọn nǹkan kéékèèké onírin mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Etí ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbọ́ lọ. Ọkọ̀ ńlá kan á wá máa mi ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìró náà á wọ ìsàlẹ̀ lọ, á kan ìpele òkúta kan, á padà sókè. Á kan èyí tó jìn sí i, á tún padà. Etí á gbọ́ gbogbo rẹ̀, kọ̀ǹpútà á kó o jọ, èmi á wá jókòó sínú ọ́fíìsì tútù, máa wo àwọn ìlà dúdú àti funfun tó wọ́ lórí ara wọn, máa sọ pé òkúta rèé, iyanrìn rèé, ibí yìí ni gáàsì sá pamọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa fi irin gún ibẹ̀. "Ìwọ wò ó, èmi gún un," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á wá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ á fi máa jó.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ń fọ páìpù nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, kí èmi má baà fi tèmi sílẹ̀. Nígbà tí mo fi jáde yunifásítì, òun ti di ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Kò fi oore yẹn kàn mí lójú rí. Ì bá máa fi kàn mí lójú, bóyá ara ì bá tù mí díẹ̀ lónìí.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ pápá ń to etí bọ̀ lórí ìlà kan, wọ́n bá kan ọgbà ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ. Ọkùnrin náà gbé àga sí ẹnu géètì, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní mi ilẹ̀ lábẹ́ adìyẹ òun. Ó ní lọ́dún tó kọjá tí wọ́n ń ṣe títì, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni adìyẹ òun kò yé ẹyin kan. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí wọ́n lọ bẹ adìyẹ. Nígbà tó sú wọn, wọ́n fo ọgbà náà àti àyíká rẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í to etí wọn padà ní òdìkejì. Bí àwòrán náà ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn, pẹ̀lú àlàfo kan ní apá òkè, bí ẹnu ọmọdé tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Àlàfo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àwòrán tí kò ní i. Kọ̀ǹpútà lè wo apá ọ̀tún, kó wo apá òsì, kó wá méfò ohun tó yẹ kó wà láàárín, kó sì fa ìlà náà pọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀ ní ọ́fíìsì wa: ẹni tó bá fi ìméfò dí àlàfo gbọ́dọ̀ fi ìlà pupa yí ibẹ̀ ká, kó kọ "a kò gbọ́ ibí yìí" sínú rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ lè mọ ibi tó yẹ kó ti rọra. Ọmọ tó bá wọ ọ́fíìsì wa lónìí, kó tó dọ̀la a ti kọ́ ọ ní òfin yìí. Èmi gan-an ni mo máa ń kọ́ wọn.

Mo dí àlàfo náà, mo sì fi ìlà pupa yí i ká. Ó ku ọ̀la kí àwọn ọ̀gá àgbà wá wo iṣẹ́ wa. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tó fẹ́ kí nǹkan mọ́ ju bó ṣe fẹ́ oúnjẹ lọ, wá dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Àwòrán yìí mà rẹwà o," ó wí. "Nǹkan pupa yìí nìkan ló dà bí egbò lójú rẹ̀."

Kò ní kí n yọ ọ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó sọ tirẹ̀, ó lọ wá ṣúgà kún tíì rẹ̀. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì tí ìlà pupa fi lọ. Mo sọ fún ara mi pé tí àwọn ọ̀gá bá ti wò ó tán, mo máa dá a padà.

Àwọn ọ̀gá wá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní òun kò rí àwòrán tó mọ́ tó báyìí rí, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Wọ́n ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa gbẹ́ kànga lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ojú mi ló ṣe. Mo lè kọ ìlà méjì péré pé ẹ dúró, ó ku nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ ọ́, wọ́n á bi mí pé ta ló yọ ọ́. Mo wo apá ọ̀tún àlàfo náà, mo wo apá òsì, òkúta kan náà ni. Mo ní kí ló tún fẹ́ wà láàárín. Mo lọ sílé, mo jẹun yó, mo sùn.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láàárọ̀. Mò ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Arínú-ilẹ̀, ṣé o jí ire?"

"A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Àwòrán yín ló wà níwájú mi. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òkè níbí, kó tó di pé a jìn, ṣé kò sí gáàsì kankan tó ba síbẹ̀? Jẹ́jẹ́ ní ká da ẹrẹ̀ tó wúwo sínú kànga, kó lè tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tí nǹkan bá wà. Ṣùgbọ́n tí a bá dà á, iṣẹ́ máa falẹ̀."

Igbákejì rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í kánjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń yẹ ohun gbogbo wò, àwọn yòókù á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwòrán náà wà lójú kọ̀ǹpútà mi bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo wo ibi tí mo dí. Ó ń dán.

"Ó mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀yin náà! Ìgbà wo ni mo ṣì yín lọ́nà rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó yíjú sọ fún Jẹ́jẹ́ pé, "Àbúrò mi ní ó mọ́. Fọkàn balẹ̀, jàre."

Kò mọ́. Òkúta ti là lábẹ́ ọgbà adìyẹ yẹn. Gáàsì gba ibi tó là gòkè wá, ó kó ara rẹ̀ jọ sábẹ́ amọ̀, nítòsí òkè, nínú àlàfo mi gan-an. Ọ̀sán ni irin wọ inú rẹ̀. Ó rú jáde, ó gbé ẹrẹ̀ àti òkúta sókè, iná sì sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ariwo náà fọ́ etí rẹ̀ òsì, kò sì fi gbọ́ràn mọ́ títí di òní. Jẹ́jẹ́, ẹni tí kì í kánjú, ló sáré lọ yí irin tí ń dí ẹnu kànga. Ó yí i títí ó fi dí, òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Ṣùgbọ́n irin náà ti gbóná kó tó dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló jóná.

Nígbà tí ìròyìn dé ọ́fíìsì, gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n ń bú sí "Háà!" Èmi nìkan ni mo jókòó. Mo ṣí àwòrán àkọ́kọ́, èyí tí àlàfo ṣì wà nínú rẹ̀, mo gbé òdiwọ̀n ibi tí wọ́n gbẹ́, ní ẹ̀yìn ọgbà adìyẹ náà, lé e. Kò yẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo sá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń sunkún, ọ̀gá mi sì ń gbá mi lẹ́yìn níbẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà pa ara mi, pé aláàánú ènìyàn ni mí.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ẹ̀gbọ́n mi kò fura sí mi rárá. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ti bẹ̀rẹ̀. "Ilẹ̀ yẹn mọ́, àbúrò mi wò ó. Èmi ni mo sáré jù. Jẹ́jẹ́ ní ká da ẹrẹ̀ tó wúwo, èmi ni mo ní ká má dà á." Ó sọ ọ́ fún dókítà, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ tí ilé iṣẹ́ gbé kalẹ̀ láti wádìí. Èmi ló ń fi ṣe ẹlẹ́rìí, ó wá ń fi ẹlẹ́rìí náà dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Nígbà tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó ní kí n sin òun lọ sílé ìyá Jẹ́jẹ́. Aránṣọ ni ìyá náà. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tí ó ti gé wà káàkiri orí tábìlì àti ilẹ̀. Jẹ́jẹ́ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́, ìyá rẹ̀ ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún!

Ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí àwọn ègé aṣọ náà.

"Mama, èmi ni mo fi ìwàǹwára sun ọmọ yín níná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ìyá náà gbé abọ́ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Jẹ́jẹ́ ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ dìde, ẹ dìde, ọ̀gá." Èmi dúró lẹ́yìn, mo gbé ọ̀rá ọsàn lọ́wọ́. Mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi, àní ó ti dé eyín. Mo gbé e mì. Nígbà tí ìyá náà nu ojú rẹ̀ tán, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ ṣeun o, àǹtí, tí ẹ dúró ti ẹ̀gbọ́n yín."

"Kò tọ́pẹ́, mà," ni mo wí. Kò tọ́pẹ́! Ẹnu mi yìí náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ láti lọ jẹ́wọ́. Mo ti pinnu. Ó jókòó sórí àga gígùn, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Àyè wà lọ́tùn-ún rẹ̀, àyè wà lósì. Òsì ni mo jókòó sí. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ pátá, látorí ìlà pupa dórí ìpè àárọ̀ yẹn, mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí etí tí kò gbọ́ràn. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ara mi fúyẹ́. Ẹ gbọ́ o: ara mi fúyẹ́!

Ó yí orí rẹ̀ kó lè fi etí ọ̀tún gbọ́ mi. "O sọ nǹkan?"

"Mo ní bọ́ọ̀lù yìí ò dùn."

"Kò dùn rárá," ó wí. "Wọ́n kàn ń sáré kiri ni."

Mo lọ sí ilé ìwẹ̀ rẹ̀, mo wo ojú ara mi nínú dígí, mo bú u ní èébú tí n kò lè kọ síbí. Bí ẹnìkan bá ní kí n sọ ìgbà tí mo kórìíra ara mi jù láyé, ọjọ́ yẹn ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, lẹ́tà dé. Ìgbìmọ̀ ti kọ ìwé pé àṣìṣe ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ló fa ìjàm̀bá náà, ẹ̀gbọ́n mi sì ní láti wá fọwọ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀. Tó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní sún mọ́ ìdí ẹ̀rọ mọ́ láyé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Ó ní òun máa fọwọ́ sí i. "Bóyá ọkàn mi lè sinmi," ó wí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo sọ fún un pé mo yọ ìlà pupa, àti pé mo fẹ́ lọ sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, mà."

"Ṣé o rí i? Pa ẹnu rẹ mọ́. Ọkùnrin yẹn ti ní òun ló jẹ̀bi."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́, nítorí náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jókòó padà. Ó ní, "Ó mà ṣe o." Mo kó àwòrán méjèèjì, mo jáde.

Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ló jókòó ní yàrá ìgbìmọ̀, wọ́n to ìgò omi síwájú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ kóòtù tó fi ṣe ìgbéyàwó, ìwé náà wà níwájú rẹ̀, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò kanlẹ̀kùn. Mo tẹ́ àwòrán méjèèjì sórí tábìlì, mo lọ dúró sí apá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, ibi tó ti máa gbọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè.

Obìnrin tó wà láàárín bi mí pé, "Nígbà tí àwòrán yìí kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ mọ̀ pé ìméfò ló wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín pè yín láàárọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́?"

"Mò ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí mo ní ó mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìdérí dé bírò. Ó fa àwòrán àkọ́kọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi ìka kan lé àlàfo náà. Ìka yẹn nìkan tó láti bò ó. Kò wò mí. Wọ́n gba ìwé níwájú rẹ̀, wọ́n ní kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́, wọ́n wá ní kí èmi lọ sílé, kí n má dé ọ́fíìsì títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè mí.

Inú mọ́tò rẹ̀ la jọ wọ̀. Nídìí iná tó ń darí ọkọ̀, ó la ẹnu.

"Àlàfo yẹn, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, Ọlọ́run ló kó mi yọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ..."

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò rí oorun sùn. Tí mo bá ti dijú, ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ni mò ń rí. Ìyàwó mi sọ fún ọ. O wá sílé mi, o ní kí n máa fi sùúrù ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ nílé aránṣọ, ibo lo wà?"

"Mo wà lẹ́yìn yín."

Ó ń wo ọ̀nà. "Mo rò pé ò ń bá mi bẹ̀ ẹ́ ni."

Omijé ló kàn ń bọ́ lójú mi, ojú sì ń tì mí pé mò ń sunkún, torí kì í ṣe èmi ló yẹ kó sunkún nínú mọ́tò yẹn. Kò yà síbi tó máa gbé wa lọ sílé. Ó gba òpópónà ìyá Jẹ́jẹ́, ó dúró síwájú ilé rẹ̀, ó pa mọ́tò, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀. Ó ní, "Èmi ò ní bá ọ wọlé."

Mo lọ kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí i. Wọ́n ti tú báńdéèjì. Awọ ọwọ́ rẹ̀ pupa, ó ń dán, àwọn ìka rẹ̀ ká kò, wọn kò nà.

"Háà, àǹtí! Ẹ káàbọ̀. Ọ̀gá mi dà?"

"Wọ́n wà nínú mọ́tò. Èmi ni mo wá."

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Mama lọ ra òwú, wọ́n ń bọ̀." Ó fi ẹsẹ̀ fa àga kan fún mi.

N kò jókòó. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ láti fà mí dìde, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ kò lè dì mí lápá mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.